ORIN ILÉ Ọ̀FỌ̀: IKÚ, ÌDÁJỌ́ ÀTI ÌRÈTÍ

Ẹni tí ó bá gba Maryland kọjá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, yálà ó ń ti Ìkẹjà bọ̀ tàbí ó ń lọ sí ọ̀nà Ìkòròdú, kò lè ṣe aláìrí àwòrán olóògbé kan tí a gbé sí ẹnu ọ̀nà ilé tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìsìn, pẹ̀lú ìkéde pé ìsìn orin yóò wáyé níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àgọ́ ti dúró, a ti to àga, iná ti tàn, àwọn alásè ti dáná. A bá gbogbo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn, a sì gbàdúrà kí Olúwa kí ó tù wọ́n nínú. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí kì í ṣe láti bá ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ jà. Orin tí a ń kọ ní ilé òkú, àti èyí tí a kò kọ níbẹ̀ mọ́, ni ó ń kọ wá lóminú.

Nígbà tí àwọn baba wa kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Kristi, oríṣi orin mẹ́ta ni wọ́n rí gbà fún ilé ọ̀fọ̀. Èkínní ni orin ikú, èyí tí ń sọ fún wa pé ọjọ́ wa kò pọ̀, àti pé ẹni tí ó wà lónìí lè ṣaláìsí ní ọ̀la. Èkejì ni orin ìdájọ́, èyí tí ń sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí olúkúlùkù yóò dáhùn fún ohun tí ó ṣe, tí ọlọ́lá kò ní rí ẹni bẹ̀bẹ̀ fún un nítorí ọlá rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni orin ìrètí ọ̀run, èyí tí ń sọ pé ilé kan wà tí ikú kò lè wọ̀, níbi tí àwọn tí wọ́n yà á tún padà rí ara wọn. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, a ti yọ ààrò méjì kúrò lábẹ́ ìkòkò, ó sì ń yà wá lẹ́nu pé ọbẹ̀ kò dúró.

Láìpẹ́ yìí ni a lọ sí ìsìn orin ìyá oníṣòwò kan ní Maryland, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kí ó tó fi ayé sílẹ̀. A kò ní dárúkọ ìyá náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní dárúkọ ilé ìsìn rẹ̀, nítorí ohun tí a rí níbẹ̀ kì í ṣe ti ibì kan ṣoṣo. Ìwé ètò tí a pín fún wa dára púpọ̀. Àwòrán ìyá náà kún inú rẹ̀ láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ogbó. Orin mẹ́rin péré ni ó wà níbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo wọn. Ayọ̀ nìkan ni orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ. Kò sí ọ̀kan tí ó dárúkọ ikú, kò sí ọ̀kan tí ó mẹ́nu ba ìṣírò. A fi iná gbé ọ̀rọ̀ wọn sí ara ògiri kí gbogbo ènìyàn lè rí i kà. Àwọn ọ̀dọ́ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ó wà ní ìlà iwájú, àwọn ẹlẹgbẹ́ olóògbé láti inú ọjà, àwọn tí ó mọ ìwé orin Yorùbá sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, panu mọ́ bí àlejò. Kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ tí àwọn onílù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn olówó tí ó wà ní ìjókòó, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Nígbà tí a ń jáde, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí sọ fún wa pé, “Ọmọ mi, ọgbọ̀n ọdún ni èmi àti rẹ̀ fi jọ ń kọrin. Ó ti sọ orin tí òun fẹ́ fún mi, èmi náà sì ti sọ tèmi fún un. Oúnjẹ tí wọ́n fún mi dára o, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n sìn ín sọ́nà.” Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò ní ọkàn wa títí di òní.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí irú ènìyàn tí ó kọ́kọ́ fi èdè wa gbé ẹ̀sìn yìí kalẹ̀. Àjàyí, ọmọ Ọ̀ṣogùn, ni àwọn akónilẹ́rú kó ní 1821, tí wọ́n sì tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, a sì gbé e lọ sí Sàró. Òun ni ó di Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí ó sì sùn nínú Olúwa ní 31 December 1891. Ọdún 1846 ni ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn Sàró tí ó padà wálé ní ìgbà náà ni ó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí ìyá tiwọn mọ́ rárá.

Nítorí náà, nígbà tí irú àwọn ènìyàn báyìí bá ń kọrin nípa ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè jó, kì í ṣe adùn ohùn nìkan ni wọ́n ń wá. Wọ́n ti rí ilé tí a jó. Bí wọ́n bá sì ń kọrin nípa ìdájọ́, kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ni ó ń bà wọ́n. Àwọn tí ó tà wọ́n wà láyé, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, kò sì sí ilé ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ yìí tí ó pè wọ́n wá dáhùn. Orin ìdájọ́ ni ó sọ fún ẹni tí a rẹ́ jẹ pé ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ẹni tí kò bá tíì jìyà rí ni orin náà máa ń dàbí ìdẹ́rùbà lásán létí rẹ̀.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ irú orin wọ̀nyí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fi eré kọ ọ́. Isaac Watts, ẹni tí ó sọ Sáàmù àádọ́rùn-ún di orin ní 1719, ṣàìsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ayé rẹ̀. Henry Francis Lyte, àlùfáà etí òkun tí ó kọ orin àṣálẹ́ tí gbogbo ilé òkú mọ̀, ti ń bá àìsàn àyà jà fún ìgbà pípẹ́. Ní 1847 ni ó kú ní ìlú Nice, níbi tí ó lọ láti wá afẹ́fẹ́ tí yóò tù ú lára. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti dé bèbè ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ kọ fún wa.

A sì tún ń gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé ọ̀rọ̀ ìdájọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó tí a gbé wá láti fi dá ẹ̀rù ba àwọn baba wa. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó kọ́ àwọn baba wa pé ayé ni ọjà, ọ̀run ni ilé? Ta ni ó kọ́ wọn pé ohun gbogbo tí a bá ṣe ní ayé, ìkúnlẹ̀ ni a ó rò ó ní ọ̀run? Kí ìwé orin kan tó dé ilẹ̀ wa ni ẹnu àwọn àgbà ti ń sọ ọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń ka ọ̀rọ̀ wa yìí mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Kò sí ẹni tí í ná ọjà láti òwúrọ̀ tí kì í ṣírò ní alẹ́. Bí orin bá wá sọ fún wa pé ìṣírò ń bọ̀, ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó rán wa létí.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ojúsàájú. Àléébù kan wà lára àwọn orin tí a túmọ̀, a kò sì gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Èdè wa ń gòkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ohùn orin òyìnbó kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń gbà. Bí ohùn orin bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kí ó gòkè, ọ̀run tí a ń retí yóò di ọrùn, ogún tí a fẹ́ jẹ yóò sì di ogun. Báyìí ni gbogbo ìjọ yóò ṣe dìde dúró tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tí wọn yóò máa fi omijé kọ ohun tí kò ní ìtumọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó sọ fún wa pé àwọn kò gbọ́ ohun tí orin Yorùbá ń wí kò purọ́ pátápátá.

Àwọn ọlọ́gbọ́n wa ti rí èyí tipẹ́, wọ́n sì ti wá nǹkan ṣe sí i. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, ẹni tí ó jẹ́ olùdarí orin ní Kàtídírà Kristi ní Marina, Èkó, láti 1914 di 1962, fi ìgbésí ayé rẹ̀ wá bí ohùn orin yóò ṣe bá ohùn èdè wa mu, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Ṣáájú rẹ̀ ni Álùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ẹni tí ó kú ní 1930, ti ń fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin ìyìn. Nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ó kọ ohun tí ó lé ní 40 orin sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Nítorí náà ẹni tí ó bá wí pé orin àtijọ́ kò dùn létí ọmọ Yorùbá kò ní àwáwí. Àwọn tí ó fẹ́ tún un ṣe ti tún un ṣe. Àwa ni a kò kọ́ ọ.

Ilẹ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe àjòjì sí irú orin wọ̀nyí. Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó sì ń gba Ìkẹjà àti Agége kọjá. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ìjọ kan ní Èkó ya kúrò lábẹ́ àwọn òyìnbó, tí wọ́n sì dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, Jacob Kẹ́hìndé Coker, ẹni tí ó kú ní 1945, gbin kòkó sí Ìfàkò nítòsí Agége. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti ìgbèríko wá síbẹ̀ kọ́ iṣẹ́ kòkó, wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ pẹ̀lú; nígbà tí wọ́n sì padà sílé, wọ́n gbé méjèèjì lọ. Lẹ́yìn kòkó ni ilé-iṣẹ́ ńláńlá dé sí Ìkẹjà, tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Èkìtì fi di aládùúgbò ara wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú jìnnà sí ilé baba rẹ̀, orin tí gbogbo wọn jọ mọ̀ ni ìdílé tí ó bá a dé ibojì.

Adúgbò wa sì ti rí ikú. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, 27 January 2002, ibi tí a kó ohun ìjà sí ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà, tí kò jìnnà sí Maryland, gbiná, ó sì ń bú gbàmù gbàmù títí di òru. Àwọn ènìyàn ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọdé, já sínú omi ní Òkè-Àfá, wọn kò sì jáde mọ́. Ẹ̀mí tí ó ṣòfò lé ní 1,000. Ní 3 June 2012, tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi bákan náà, ọkọ̀ òfuurufú kan tí ó ń ti Àbújá bọ̀ já lulẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgá, ní apá Agége. Gbogbo ènìyàn 153 tí ó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn kan tí ó wà nílẹ̀ sì bá a lọ. Ó dájú pé àwọn kan nínú àwọn tí ó kú ní ọjọ́ méjèèjì wọ̀nyí ti wà ní ilé ìsìn ní òwúrọ̀.

A bi yín léèrè: orin wo ni ó tó kọ fún irú òkú bẹ́ẹ̀? Bí a bá kọ orin ayọ̀ nìkan, a ti purọ́ lójú ìyá tí kò rí òkú ọmọ rẹ̀ gbé jáde nínú omi. Bí a bá sì kọ orin ikú nìkan, a ti pa á lẹ́ẹ̀kejì. Ó yẹ kí a sọ fún un pé ikú dùn wá. Kí a sọ fún un pé ẹni tí ó kó ohun ìjà tí ó ti gbó sí àárín ilé àwọn ènìyàn yóò dáhùn níwájú Ẹni tí a kò lè fi owó rà. Kí a sì sọ fún un pé yóò tún rí ọmọ rẹ̀. Ohun mẹ́ta yìí ni orin mẹ́ta náà ń sọ. Yọ ọ̀kan kúrò, méjì tí ó kù kò ní lè tu ẹnikẹ́ni nínú.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé orin ìdájọ́ ti pa ọ̀pọ̀ ọkàn lára. Pé àwọn oníwàásù kan máa ń fi í na ẹni tí ń sunkún bí ẹni pé pàṣán ni. Òtítọ́ ni. Ìjọ Àgùdà ní orin ìdájọ́ kan ní èdè Látìnì, èyí tí a ń pè ní Dies irae, tí a ti ń kọ ní Máàsì òkú fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nínú àtúnṣe tí ó tẹ̀lé Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, èyí tí ó jókòó láti 1962 di 1965, a yọ ọ́ kúrò nínú Máàsì náà, nítorí a fẹ́ kí ìrètí àjíǹde kí ó gbọ́ síta ju ẹ̀rù lọ. A kò bá wọn jiyàn. Ẹ̀rù nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹni rere rí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a dín iyọ̀ kù nínú ọbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a má fi sí i rárá. Àti Àgùdà, àti Áńgílíkà, gbogbo wa ni a ń jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi pé Olúwa ń padà bọ̀ wá ṣe ìdájọ́ alààyè àti òkú. Ohun tí a ń fi ẹnu jẹ́wọ́ níwájú pẹpẹ, èéṣe tí a fi ń sá fún un níwájú pósí?

Ìdí kan wà tí àwa fura sí. Ẹni tí ó wà láàyè ni kò fẹ́ gbọ́ orin náà. Ẹni tí ó tẹ ìsàlẹ̀ kọ́ńgò rẹ̀ kí ìrẹsì má ba à kún un kò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹni tí ó ń ta òògùn ayédèrú fún aláìsàn kò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Ọ̀gá tí ó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lówó oṣù mẹ́ta, tí ó sì wá ń ná owó fún onílù ní ìsìn orin, kò ní fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Bí a bá fi orin ìdájọ́ sílẹ̀ nítorí irú àwọn wọ̀nyí, àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ ni a gba orin lẹ́nu wọn. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Orin ìdájọ́ ni ó máa ń rán akáṣọlérí létí pé òun náà ń bọ̀ lọ́nà.

Kí a má gbàgbé gbèsè pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn ọmọ ìjọ ni ó ń kọrin fún òkú ní ìgbà kan rí. Tálákà àti olówó ń gba orin kan náà. Nísinsìnyí, ọmọ tí kò lówó ń yá owó nítorí àgọ́, nítorí aṣọ ẹbí, nítorí onílù, kí ayé má ba à wí pé kò sin ìyá rẹ̀ dáradára. Nígbà tí àlejò bá lọ tán, gbèsè a dúró, owó ilé ìwé àwọn ọmọ a sì di àwátì. A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe àlejò. Ohun tí a wí ni pé ohun tí ó ń tu ọkàn nínú jù lọ ní ilé ọ̀fọ̀ ni ohun tí a kì í san owó fún.

Kí ni kí a ṣe? Èkínní, kí olúkúlùkù béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀, orin wo ni wọ́n fẹ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe èpè, ọ̀wọ̀ ni. Èkejì, kí ìwé ètò ìsìn orin ní orin Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì fi àmì ohùn sí orí ọ̀rọ̀ Yorùbá kí àwọn ọmọ wa lè pè é bí ó ti yẹ. Ẹ̀kẹta, kí oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ó wà níbẹ̀, ó kéré tán ọ̀kan nínú orin ikú, ọ̀kan nínú orin ìdájọ́, ọ̀kan nínú orin ìrètí. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn olùdarí orin ní Maryland, ní Ìkẹjà, ní Agége àti ní gbogbo àyíká wa yan ohùn tí ó bá ọ̀rọ̀ mu, kí wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀karùn-ún, kí onílù kí ó dúró títí orin ìsìn yóò fi parí, kí ìsìn náà sì tètè parí, nítorí aládùúgbò tí yóò jí lọ sí ibi iṣẹ́ ní ìdájí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Kò sí èyíkéyìí nínú ìmọ̀ràn márùn-ún wọ̀nyí tí yóò ná ìdílé kan ní owó púpọ̀. Ẹni tí ó bá ní ìyá tí ó mọ ìwé orin sórí, kí ó jókòó tì í ní alẹ́ òní. Bí ìyá náà bá sì kú lọ́jọ́ iwájú, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní ìlà iwájú rí ẹnu kọrin. Ọjà yóò tú fún gbogbo wa. Kí ó jẹ́ pé nígbà tí ó bá tú, ẹni tí ó mọ ọ̀nà ilé wa ni yóò sìn wá.